Ọ̀bẹ Eleuterio

Kò níyì lójú. Èkù rẹ̀ jẹ́ ike pupa rúsúrúsú,
táàpù dúdú wé e lọ́rùn bí ọmọ tí òtútù mú.
Fi àtàǹpàkò tì í síwájú, á ké kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́,
ahọ́n rẹ̀ á yọ, tẹ́ẹ́rẹ́, funfun.
Fà á sẹ́yìn, ó di ẹrù àpò lásán.

Quemchi là ń gbé, ní Chiloé, níbi tí òjò kì í bi èèyàn kó tó rọ̀,
tí òkun ń fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́,
tí ọkọ̀ ń dùbúlẹ̀ lórí ẹrẹ̀ bí ẹran tó jẹun yó.
Bàbá mi àgbà a máa kan ọkọ̀, a máa bo òrùlé,
ṣùgbọ́n bi í léèrè irinṣẹ́ tó fẹ́ràn jù,
kò ní fi òòlù hàn ọ́, kò ní fi ayùn hàn ọ́.
Á fọwọ́ lu àpò.

Láàárọ̀, ó fi gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù,
èérún igi bọ́ sínú kọfí rẹ̀, ó mu ún bẹ́ẹ̀.
Ó fi ṣí àpò ìyẹ̀fun fún Filidora: kò ya á,
òwú kan ṣoṣo ló gé, gbogbo ẹnu àpò sì tú fúnra rẹ̀.
Ó fi fá ọ̀dà àtijọ́ kúrò lójú gíláàsì fèrèsé,
ọ̀dà ń ká jọ bí èèpo ànàmọ́,
lójijì a rí i pé ilẹ̀kùn aládùúgbò ti di aláwọ̀ ewé.

Ó ní, "Yasna, gígé nìkan kọ́.
Wáyà, bíbó là ń bó o. Yí ọ̀bẹ po, má tẹ̀ ẹ́;
bàbà inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ̀ pé o wá.
Rọ́bà ilẹ̀ ilé ìdáná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí o gba ojú ìlà kan náà.
Ẹni tó bá fẹ́ gé e lẹ́ẹ̀kan, orúnkún ara rẹ̀ ni yóò gé."
Ó ká ṣòkòtò sókè. Àpá náà gùn tó ìka ìlábẹ̀.

Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, kì í pọ́n ọn.
Ẹ̀mú ló fi ń ṣẹ́ ṣóńṣó orí rẹ̀ dànù, kà!
ẹnu tuntun ti ń dúró lẹ́yìn èyí tó kú.
Àwọn òkú ẹnu ń bẹ nínú agolo tó lu lójú bíi kóló:
àwọn kan ń tọ́jú owó,
òun ń tọ́jú ọgbẹ́ tí kò ní í ṣe ẹnikẹ́ni.

Èmi ńkọ́? "Má fọwọ́ kàn án." Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí.

Nínú oṣù kẹjọ, àgbò Baldomero kó sínú àwọ̀n wa létí omi,
àwọ̀n tuntun, gbèsè oṣù mẹ́rin ṣì wà lórí rẹ̀.
Bó ṣe ń jà ni okùn ń fún un.
Òkun ń padà bọ̀. Ibà ti dá bàbá dùbúlẹ̀,
jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rọ̀ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó mú. Mo mú un.
N kò mọ èyí tó ṣáájú.

Mo gé ojú àwọ̀n kan, mo gé méjì, n kò kà á mọ́.
Èyí tó há mọ́ ọn lọ́rùn, mo ti ìka mi bọ abẹ́ rẹ̀,
mo kọ ẹ̀yìn ọ̀bẹ sí ẹran, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí òkun.
Àgbò dìde, ó ta mí nípàá láyà, ó lọ láìwẹ̀yìn.

Lálẹ́, bàbá tẹ́ àwọ̀n sábẹ́ iná.
Orí rẹ̀ gba inú ihò náà kọjá, èjìká rẹ̀ náà gbà á.
Filidora ń ka gbèsè sábẹ́ ètè.
Ó ní, "Ìka rẹ ńkọ́?"
Mo na mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.
Ó kà wọ́n.
Ó mú ẹ̀mú, kà, ẹnu tó kú bọ́ sínú agolo,
ó wá na èkù sí mi.
"Gé òwú fún mi. Kó gùn díẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú jù."